Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbé ní Bodè

Òórùn Ísáálì ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ọdún náà. Ilé ìgbẹ̀bí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó, ti àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ni, wọn kò sì fi ìmọ́tótó ṣeré. Láàárọ̀ kùtù, kí aboyún kankan tó wọlé, a ó ti fi omi Ísáálì, oògùn apakòkòrò, nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà títí dé ìdí ògiri. Òórùn rẹ̀ á máa gún ni nímú, èéfín igi tí wọ́n fi ń se omi gbígbóná lẹ́yìnkùlé á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a. Títí di òní, níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ó máa ń dà bí ẹni pé ọwọ́ mi ṣì wà lórí ikùn aboyún tí mo ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé láti Lomé.

Ọjọ́bọ̀ ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a wọ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ọkọ mi ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní èbúté Lomé láti ìgbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ọdọọdún ló ń wá bá wa ṣe Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò wá ní èyí tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Bí mo ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lẹ́yìn àpòòwé náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ará Èkìtì kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni. Ó ní ikùn ọkọ mi ti wú, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń fi í pa mọ́ fún wa, àti pé àwọn dókítà yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ó parí rẹ̀ báyìí pé: "Ó ní kí ẹ mú ọmọ òun wá kí òun fojú kàn án, kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́."

Mo ká lẹ́tà náà sí àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mo parí àyẹ̀wò aboyún tó wà níwájú mi, mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ yí dáadáa, mo rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ dúró lẹ́bàá igi tí a ń sá aṣọ sí, tí mo ń gbàdúrà tí n kò sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Mo mọ ohun tí irú ikùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ bí ayé ìyàwó ti rí nígbà yẹn. Aya kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí a bí sí ilé náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí o tó dé, ọkọ rẹ ni. Èmi náà sọ wọ́n lórúkọ ní tèmi: Akọ̀wé ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi, Adúmáadán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n baba ọkọ mi, Baba lásán ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, èyí tí gbogbo Ìyìn-Èkìtì mọ̀ ọ́n sí, kò kan ẹnu mi rárá. Ìyá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé ọjọ́ tí aya bá la ẹnu pe baba ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ó ti sọ fún gbogbo ulé pé ẹgbẹ́ òun ni. Mo gba ẹ̀kọ́ náà bí mo ṣe gba katikísìmù, láìbéèrè ìdí.

Kì í sì ṣe tìpátìpá ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Baba. Àgbẹ̀ ni, àgbà ìjọ ni pẹ̀lú, ẹni tó máa ń gba Ìyìn fẹsẹ̀ rìn wá gbọ́ Mísà àjọ̀dún ní Adó kí orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí àwọn ará ilé ń kùn pé irú aya wo ni yóò máa sun ilé ìwòsàn mọ́jú, òun ló dá wọn lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó lọ gbẹ̀bí. Ṣé ẹ̀yin kò ní í bímọ ni?" Nígbà iṣu tuntun, yóò di èyí tó dára jù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò tì í wá sí ilé wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, kò sì ní jókòó ju ìwọ̀n tó máa fi mu omi lọ. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ?

Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ náà ni ọkọ mi ń jẹ́ mọ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ sí ilé ìwé àwọn Fádà. Òun náà ni wọ́n kọ tẹ̀lé orúkọ mímọ́ ọmọ wa lọ́jọ́ tó ṣe ìrìbọmi. Àwọn tíṣà obìnrin ìgbà yẹn ti ń jẹ́ Mísìsì tẹ̀lé orúkọ baba ọkọ wọn. Sísítà àgbà, òyìnbó arúgbó kan tó mọ Yorùbá ju bó ti ń ṣe lọ, bi mí lẹ́yìn ìgbéyàwó bóyá kí òun yí orúkọ mi padà nínú ìwé iṣẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè pé kí ni mò ń jẹ́, báwo ni n ó ṣe dá a lóhùn? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi mí sílẹ̀. Orúkọ náà sì wọ́pọ̀. Bí mo bá dé orí rẹ̀ nínú ìwé tí a fi ń pe àwọn aboyún wọlé, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Ìkẹ́rẹ́ ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi pè é. Á kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán: "Ẹ wá wo nǹkan! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń fa ọmọ jáde láìgbọ̀n, orúkọ àgbẹ̀ kan ń bà á lẹ́rù." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo kà á sí.

Pásípọ́ọ̀tù tí mo ní, orúkọ baba tèmi ló wà nínú rẹ̀. Kí n tó lọ́kọ ni mo ti gbà á, nígbà tí àwọn Sísítà fẹ́ rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú wọn. Ìrìn-àjò náà kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mo pa ìwé náà mọ́, mo sì sọ ọ́ di tuntun nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé. Ọmọ mi kò ní ìwé kankan ju káàdì ìrìbọmi rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ méjì nínú ìwé méjì, tí kò sì sí ìdí mìíràn fún un ju ọ̀wọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ọmọ lọ sí Ìyìn kí Baba lè súre fún wa. Ó jókòó sórí àga kékeré, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú nítorí orúnkún rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún un. Ó wá ní, "Ṣé kí n bá yín lọ?" Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ronú nípa ọ̀nà jíjìn àti ọkọ̀ tó ń fo kòtò, mo ní, "Ẹ sinmi, Baba. Àwa náà á tó o." Ó fi àtàǹpàkò ṣe àmì àgbélébùú sí iwájú orí ọmọ mi, ó ní kí a kí baba rẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni a kúrò ní Adó. A sun Èkó lọ́dọ̀ ìbátan mi kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi Ìmọ̀ Ọ̀pẹ, a ti dé bodè, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní bodè Dàhòmì nígbà yẹn bí wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ ìlú náà padà. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ń kọjá pẹ̀lú ìmọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, ọmọ mi sì tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó ń fi í lé eṣinṣin. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Ọ̀gá aṣọ́bodè jókòó sí ìdí rẹ̀, ọkùnrin gbẹrẹgẹdẹ tó mọ́ tónítóní, ẹni tó ti apá ibòmíràn ní Nàìjíríà wá, tí kò gbọ́ Yorùbá. Akọ̀wé rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń jí gbé sá gba bodè kọjá ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn lásìkò náà, mo sì ti rí i bí wọ́n ṣe tú ẹrù obìnrin kan tó gbé ìbejì wò níwájú wa.

Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ojú mi. Ó gba káàdì ọmọ, ó wò ó, ó tún wo pásípọ́ọ̀tù. Ó dojú káàdì náà dé orí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí.

"Ta ni ọmọ yìí sí ọ?"

"Ọmọ mi ni, sà."

"Kí ni gbogbo orúkọ rẹ̀?"

Mo dárúkọ mímọ́ rẹ̀. Mo dárúkọ tí èmi àti baba rẹ̀ sọ ọ́. Mo dúró.

"Ó ku ọ̀kan."

"Orúkọ baba ọkọ mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé orúkọ ẹnìkan ni. Mo ní kí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti pé ogójì ọdún ó lé, n kò sì tíì rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé mo pinnu pé n kò ní pè é. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè é. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi, mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé e. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí o bọ́ra sí ìhòòhò lójú ọjà. Mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe fún un pé kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wo ọwọ́ mi. "Orúkọ tí ọwọ́ lè kọ, kí ló dí ẹnu lọ́wọ́ láti pè é? O ti di káàdì yìí mú láti Èkó. Ta ni kò lè da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ?"

Akọ̀wé rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀. "Bí ẹ ṣe sọ̀rọ̀ báyìí ni mo ti mọ̀ pé ọmọ oníyán ni yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é jàre. Ọ̀gá ò mọ àṣà." Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un díẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn aya ṣe máa ń ṣe ní ìlú wa. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá wo ojú ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ mi sí nínú pásípọ́ọ̀tù.

"Nọ́ọ̀sì ni ọ́," ó ní. "O kàwé. Má fi ìtàn oko dá mi lóhùn."

Ó pe ọmọ mi súnmọ́ra. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sì ní kí akọ̀wé máa túmọ̀. Wọ́n ní kí lorúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ oríkì tí ìyá mi máa ń kì í, èyí tí kò sí lórí káàdì. Wọ́n ní níbo ni baba rẹ̀ wà. Ó ní Lomé. Wọ́n ní báwo ni baba rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó ga ni, àbí ó kúrú, ṣé ó ní irùngbọ̀n? Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ti lé ní ọdún kan tó ti rí baba rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ronú. Ó wo ojú mi bí ẹni pé kí n sọ fún un. Ó mi orí pé òun kò mọ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń kùn. Ọ̀kan ní, "Bí kò bá jí i gbé, kí ló ń gbọ̀n sí?" Òmíràn ní, "Ṣé orúkọ náà ń bunijẹ ni?" Ìyá aláṣọ kan tó ń lọ rajà, obìnrin gbajúmọ̀ tó ró ìró pupa, na ọwọ́ gbá mi léjìká. "Ọmọ Èkìtì, pè é! Baba ọkọ rẹ kò sí ní ìhín. Ta ni yóò bá ọ rò ó? Ọlọ́run á dárí jì ọ́!"

Mo pè é.

Ohùn tó jáde kò jọ tèmi. Mo pè é, mo sì tún un pè sókè, kí àánú Ọlọ́run lè jẹ́ kó tó. Mo rí i tí akọ̀wé náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ rọra ṣí káàdì náà sókè, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ti sọ ọ́ sí ọ létí lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn."

Ìyá aláṣọ fọwọ́ lé àyà. "Èmi kẹ̀? Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n rí?"

Ọ̀gá náà kò yíjú sí i. Èmi ló ń wò. "Ìyá tó bí ọmọ," ó ní, "kì í ronú kó tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdánù níhà méjèèjì. Mo ti pe Baba lórúkọ níta gbangba, n kò sì rí ohun tí mo pè é fún gbà. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù mi. Wọ́n ní ará ilé ọkọ mi ni kó wá jẹ́rìí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mú ọmọ mi lọ sí ilé ìyàwó ọ̀kan lára àwọn aṣọ́bodè, nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ní kí èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta. Ó ń wẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ìmọ̀ ọ̀pẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyá aláṣọ yẹn, tó ti sùn dè mí ní ìlú náà tí kò sì jẹ mí ní gbèsè kankan, bá mi lọ tẹ wáyà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó. Mo ń ka ọjọ́ lórí ìka. Wáyà yóò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìyìn. Baba àti ẹni tó bá mú un wá yóò sùn lọ́nà. Bí mo ṣe kà á tó, kò bọ́ sí ibi tí mo fẹ́. Ọ̀nà tó kù sí Lomé láti ibi tí mo jókòó sí kò ju ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ lọ. Mo gba ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi títí ó fi dá àpá sí ìka mi. Mo bẹ Màríà Wúńdíá, òun tí wọ́n kàn án lọ́mọ mọ́gi lójú ara rẹ̀, pé kó ṣáà bá mi dá Ọjọ́rú dúró.

Obìnrin tí ọmọ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa sí i; mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó bá a di irun. Ó máa ń jẹ́ kí n rí i fún ìgbà díẹ̀ bí ọ̀sán bá yẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà jókòó tì mí, kò gun ẹsẹ̀ mi bó ti máa ń ṣe. Ó ń fi ìka ha ilẹ̀. Ó ní, "Màmi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ jí mi gbé?" Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọjá. Mo sọ fún un pé rárá, pé èmi ni mo bí i, ní Adó, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tí Sísítà àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa," bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ bá ni jiyàn.

Ọjọ́rú wá, ó lọ. Mo rí i bí oòrùn ṣe yọ àti bó ṣe wọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Baba dé, Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, dì í mú lápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. Ìdí tábìlì ló lọ tààrà. Ó ṣí fìlà, ó na ìwé owó orí rẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó wa tí Fádà fún un, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Kò gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sun àgbàdo kan. Wọ́n mú ọmọ jáde, ó sáré, ó dì mọ́ orúnkún tó ń dun Baba náà, Baba kò sì tì í kúrò. Ọ̀gá aṣọ́bodè dá pásípọ́ọ̀tù padà fún mi. "Iṣẹ́ ni," ó ní. "Ọmọ yín náà ni a ń ṣọ́."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò láti gbogbo ìhà. Èyí tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò parọ́. Wọ́n ń jí ọmọ gbé lóòótọ́. Bí ẹnìkan bá gbé ọmọ mi sá lọ, irú ọkùnrin tí kò gba àwáwí bẹ́ẹ̀ ni n ó fẹ́ kó jókòó ní bodè. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo pe orúkọ náà. Ó ti gbà mí gbọ́. Ó kàn ti sọ̀rọ̀ tán ni, kò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lójú èrò.

Baba kò ní ìwé tí yóò fi kọjá, ibẹ̀ ló ti yí padà sílé. A dé Lomé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ará Èkìtì tó kọ lẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn," ó sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì mọ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́rú bí wọ́n ti wí. Kò jí mọ́; àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́bọ̀ ló dákẹ́. Ará Èkìtì náà sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró díẹ̀, pé aya òun kì í fi àdéhùn ṣeré, ó ti ní láti dé ẹnu géètì. Wọ́n dúró fún un díẹ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni a sin ín, Fádà kan tó ń sọ Faransé ló gbàdúrà sí i. Ọmọ mi rí baba rẹ̀, ó rí i nínú pósí. Ó wò ó dáadáa, ó sì bi mí bóyá òun lè fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ìyìn, Baba kò bi mí léèrè ibi tí a sin ín sí; baba kì í béèrè ìyẹn. Ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ó ku èmi nìkan lórí ìkúnlẹ̀.

"Akọ̀wé bodè yẹn sọ fún mi pé o kò pe orúkọ mi."

"Mo pè é, Baba. Ó pẹ́ kí n tó pè é ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ọ̀wọ̀ yín ni, Baba."

"Ìgbà wo ni mo sọ fún ọ," ó ní, "pé mo fẹ́ ọ̀wọ̀ tó tó ọmọ mi?" N kò lè gbé ojú sókè. Ó ní, "Pè é nísinsìnyí. Pè é, ọmọ mi, kí n gbọ́ bó ṣe wúwo tó."

Mo la ẹnu. Ẹkún ló jáde. Òun náà fi etí aṣọ bo ojú rẹ̀. Kò tún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án tó tún lò láyé lẹ́yìn náà, kò sì dẹ́kun gbígbé iṣu tuntun ránṣẹ́ sí wa. Ó sàn kó bú mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò ní fi ẹnu mi kọ oore rẹ̀. Ó jẹ́ kí n tọ́ ọmọ náà dé ibi tó yẹ. Lọ́dún tí ọkọ mi kú gan-an ni mo lọ búra ní kóòtù, tí mo gba orúkọ ọkọ mi, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbi àyà aṣọ iṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ará Ìkẹ́rẹ́ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́; èmi ni mo ń pe aboyún tó bá ń jẹ́ ẹ wọlé. Ní gbogbo Lẹ́ńtì, mo máa ń jẹ́wọ́ fún Fádà pé n kò tíì dárí ji ọkùnrin kan tán. Oríṣiríṣi Fádà ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ní, "Mama, ẹ mú èyí wá lọ́dún tó kọjá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, n ó tún mú un wá lẹ́ẹ̀mìíràn. Èyí tí n kò sọ fún un ni pé ti ọkùnrin náà tilẹ̀ rọrùn. Ti ara mi ni kò tán.

Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó wọlé wá bá mi ní ìdáná níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. N kò pète rẹ̀, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Kí ni orúkọ baba ọkọ rẹ?" Ó dárúkọ rẹ̀, ti ìdílé àti ti ìbí, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀, ó sì ń wá síbí gbígbẹ nínú agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Kí ló dé, Màmi?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ pé kò sí ohun tó máa há a lọ́fun níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde báyìí, mo gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀, mo sì sunkún gan-an, nítorí pé mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ pé orúkọ pípè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.